Nítorí Nakato Tí Mo Sọ Pé N Kò Mọ̀

Ilé wa,
Ìjẹ̀bú-Òde.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Àbọ́sẹ̀dé, Àníkẹ́ mi,

Mo kí ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ara bàbá rẹ le, ara tèmi náà le, àfi orúnkún ọ̀tún tó ń bá mi jiyàn nígbàkúùgbà tí mo bá fẹ́ dìde. Inú mi dùn pé o padà dé Ìlọrin láyọ̀. Jókòó dáadáa kí o tó máa ka ìwé yìí o, nítorí ó gùn. Mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ nǹkan sójú pátákó fún ọmọ ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n mi ò tíì fi odindi àárọ̀ kan kọ̀wé sí ọmọ tèmi rí. Òní ni màá ṣe é.

Ohun tó fà á nìyí. Ní Sátidé tó kọjá, nígbà tí o gbé ìwé ìjọba jáde nídìí oúnjẹ, tí o ní Ùgáńdà ni wọ́n ń rán ẹ lọ, pé o máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìṣirò níbẹ̀ fún ọdún méjì, bàbá rẹ gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀, ó wo ojú mi. Ìwọ rò pé inú ló ń bí i sí ìrìn àjò rẹ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. O wá yíjú sí mi, o ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé nílùú òyìnbó pẹ̀lú oríṣiríṣi èèyàn, ṣé ẹ mọ ẹnì kankan ní Ùgáńdà?"

Mo ní, "Rárá o. N kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀."

Irọ́ ni mo pa, ọmọ mi. Bàbá rẹ mọ̀ pé irọ́ ni. Ìdí tó fi dìde lọ fọwọ́ nìyẹn nígbà tí oúnjẹ rẹ̀ kò tíì dé ìdajì. Wọ́n ní irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò tiẹ̀ rí ogún ọdún sá. Láti ọjọ́ Sátidé náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu mi.

Mo mọ èèyàn ní Ùgáńdà. Mo mọ ìbejì méjì níbẹ̀ tí orúkọ wọn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nílùú yẹn, obìnrin kan àti ọkùnrin kan. Mo sì mọ ìtàn ìyá wọn, tí orúkọ tirẹ̀ kò jáde nínú ìwé ìròyìn rí, bẹ́ẹ̀ ó ṣe ju àwọn tí tiwọn jáde lọ. Màá sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ fún ẹ, màá sì sọ àwọn àṣìṣe tí mo ṣe sí wọn, kí ìwọ má baà lọ tún wọn ṣe. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà tèmi ni mo fẹ́ tú sílẹ̀ fún ẹ yìí.

Kí wọ́n tó bí ẹ, ṣáájú òmìnira, ni ìjọ wa rán mi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní England. Yàrá eléèyàn méjì ni wọ́n fún mi, ẹni tí mo sì bá níbẹ̀ ni Nakato. Tẹ́ẹ́rẹ́ ló rí. Kóòtù tí wọ́n fún un fi ìlọ́po méjì tóbi jù ú lọ. Mo béèrè ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, ó ní ọ̀dọ̀ àwọn, nílẹ̀ Bùgáńdà, ẹni tó bá kẹ́yìn nínú ìbejì, tó sì jẹ́ obìnrin, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Mo pariwo pé, "Kẹ́hìndé ni ọ́ nìyẹn!"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bó bá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn, máa pè mí bẹ́ẹ̀."

Ó ní ìkejì òun ọkùnrin, Wasswa, ìyẹn Táyé tiwọn, ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní London. Ó ní ìyá tó bá bí ìbejì nílẹ̀ wọn, oyè ló jẹ, Nalongo ni wọ́n á máa pè é títí ayé, bí a ti ń pe tiwa ní Ìyá Ìbejì. Inú mi dùn débi pé mo rò pé mo ti mọ gbogbo nǹkan nípa rẹ̀.

Àbọ́sẹ̀dé, mo gbéra ga nígbà yẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, ọmọ tí àwọn míṣọ́nárì fọwọ́ ara wọn kọ́, mo ń sọ gẹ̀ẹ́sì gba imú. Ìyá òyìnbó arúgbó kan wà tó máa ń nu ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa láràárọ̀. Bí Nakato bá ti pàdé rẹ̀, á kúnlẹ̀ kí i. Mi ò sọ pé ó tẹ orúnkún díẹ̀ o. Á kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì tútù yẹn pátápátá ni, ojú ìyá náà á sì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, kò ní mọ ohun tó yẹ kó ṣe.

Lọ́jọ́ kan tí a péjọ sí yàrá ìgbafẹ́, mo ní kí n pa àwọn ẹgbẹ́ mi lẹ́rìn-ín. Mo wọ kóòtù Nakato, mo kúnlẹ̀ níwájú àga, mo ń kí àga náà bíi tirẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn, òun náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tó gbé ife tíì dání.

Ìgbà tí a dé yàrá ló béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Nílé yín, ṣé ẹ kì í kúnlẹ̀ kí àgbà ni?"

Mo ní, "À ń kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú òyìnbó la wà."

Ó ní, "Níbo lo wá kó tìẹ sí? Ṣé inú ọkọ̀ ojú omi lo gbàgbé ẹ̀ sí?"

Kò bá mi jà. Ó bu tíì sínú ife mi, ó gbé e fún mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn kìíní: má ṣe fi ìlú tí o bá dé pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, má sì fi ẹ̀kọ́ ilé tìẹ sílé. O máa rí obìnrin tó kúnlẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà tó ń kí àgbà. Má dúró máa wò ó bí ẹni tó ń wo sinimá. Ìwọ náà, kúnlẹ̀. Ṣáájú kí o tó kọ́ wọn ní ìṣirò kankan, ní kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ kọ́ ẹ bí wọ́n ti ń kí ìyá wọn láàárọ̀. Wọ́n máa gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi ewé dì, tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀, síwájú rẹ. Matooke lorúkọ rẹ̀. Má wulẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò tó ebìrìpò tí àwa ń fi kókò ṣe. Jẹ ẹ́ ná. Nakato jẹ ìkọ́kọrẹ́ tí mo fi ànàmọ́ òyìnbó sè nítorí kò sí ewùrà, ó ní ó dùn mọ́ òun lẹ́nu. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Irú irọ́ yẹn, Ọlọ́run kì í kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìmọ̀ràn kejì kan Wasswa. Ó máa ń wá kí wa nígbà ìsinmi. Ọkùnrin gíga ni, ó mọ́ tónítóní, àmọ́ akólòlò ni. Ó lè dúró lórí ọ̀rọ̀ kan títí tíì á fi tutù. Èmi tí n kò ní sùúrù, mo sọ ara mi di agbẹnusọ rẹ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, èmi ni màá parí rẹ̀, mo sì rò pé mo ń ràn án lọ́wọ́ ni. Bí a ti ń rìn lọ létí odò lọ́jọ́ kan, ó ń sọ nǹkan nípa ìyá wọn, mo tún já ọ̀rọ̀ náà gbà lẹ́nu rẹ̀. Ó dúró. Ó gbọ́wọ́ sókè bíi ti ọlọ́pàá ojú pópó.

Ó ní, "J-jọ̀wọ́, jẹ́ kí n dé ibẹ̀ fúnra mi. Ọ̀nà mi j-jìn ni, kò dí."

Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Nígbà tó lọ tán, mo sọ fún Nakato pé, "Ìkejì rẹ yìí fẹ́ di lọ́yà? Adájọ́ á ti sùn lọ kó tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì."

Nakato ní, "Jẹ́ kó sùn. Bó bá jí, á bá Wasswa níbẹ̀."

Wò ó, ọmọ mi, ó di adájọ́ lóòótọ́, ní ìlú kékeré kan tí ọjà rẹ̀ tóbi ju ìlú fúnra rẹ̀ lọ. Ìgbà tí àwọn sójà gba ìjọba wọn, wọ́n kó àwọn obìnrin tó ń ta iyọ̀ wá síwájú rẹ̀, wọ́n ní ṣe ni wọ́n ń kó ọjà pamọ́. Ọ̀gá sójà kan dúró sẹ́yìn kọ́ọ̀tù pẹ̀lú ìbọn. Ó ní, "Dá wọn lẹ́bi ká máa lọ." Wasswa wọ dígí ojú rẹ̀, ó ṣí ìwé ẹ̀sùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú kólòlò rẹ̀. Sójà ní kó yára. Ó ní, "Ẹ jókòó, ọ̀gá. M-mo ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́." Láti àárọ̀ ló ti ń kà á títí oòrùn fi kàn tàrí. Gbogbo ìlú ti gbọ́, èrò ti kún àgbàlá kọ́ọ̀tù bámúbámú. Ìgbà náà ló pa ìwé dé, ó ní, "Mi ò r-rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn wọn. Ẹ̀yin ìyá, ẹ máa lọ sílé."

Àwọn obìnrin náà gba àárín èrò sá lọ. Òun ni wọ́n mú. Ó lé lọ́dún kan tó fi wà látìmọ́lé, ìgbà tó sì jáde, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò ṣe é tẹ̀ dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n ó jáde. Ìgbà tí ìlú wọn rọ̀ díẹ̀ tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò tún ètò kọ́ọ̀tù tò, òun ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Mo gbọ́ pé títí di òní, kò sí lọ́yà tó jẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀.

Àníkẹ́, ìwọ náà máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu èèyàn. Ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún rẹ̀, mi ò lè dá ẹ lẹ́bi, mo kàn lè kìlọ̀ fún ẹ ni. O máa rí ọmọ tó dúró níwájú pátákó tí ìdáhùn kò tètè wá. Má gba ẹfun lọ́wọ́ rẹ̀. Jẹ́ kó dé ibẹ̀. Bákan náà ni ọ̀gbẹ́ni tó ń ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá kí ẹ, tí o ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tètè jáde. Bó bá lè dúró ọdún méjì, ọkọ nìyẹn. Bí kò bá lè dúró, o kò pàdánù nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, jẹ́ kó parí gbólóhùn rẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ Nakato. Nígbà tí a parí ẹ̀kọ́, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Lẹ́tà ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀. Ó kọ̀wé pé òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ní ìwé kíkà ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wọn, àwọn àgbẹ̀ tó gbé ọmọ pọ̀n. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn láti abúlé dé abúlé. Ó ní, "Ìwọ náà, dán an wò lọ́dọ̀ tìẹ."

Ìbẹ̀fun ni mo ti ń ṣe tíṣà nígbà náà. Mo dán an wò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn ìyá kún kíláàsì débi pé àwọn kan dúró lójú wíńdò. Lọ́sẹ̀ kẹta, òjò rọ̀, àwọn méjì péré ló wá. Mo ní kí wọ́n máa lọ sílé, pé a máa tún pè wọ́n. Mi ò pè wọ́n mọ́. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, mo ń lọ lójú ọ̀nà, ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn sọ igbá gààrí rẹ̀ kalẹ̀ nígbà tó rí mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Orí D la dúró sí. Kí ló tẹ̀ lé D?"

Mo ní, "E ni, Ìyá."

Ó ní, "Ẹ ṣé." Ó gbé igbá rẹ̀. Èmi náà bá tèmi lọ. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo fún un, ẹni tó fẹ́ gbogbo rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá kọjá ní Ìbẹ̀fun, mo máa ń wo apá ibẹ̀ yẹn.

Nakato náà rí ọjọ́ òjò. Èèyàn méjì wá bá òun náà. Ó kọ́ àwọn méjì náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èmi àti rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló sì sọ ọ́ di ẹni tó dà. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn jáde wá du ipò ilé aṣòfin, ó jáde. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ta ló fẹ́ kí obìnrin tí kò lọ́kọ máa ṣòfin fún ilé onílé. Ó fìdí rẹmi. Kí ló ṣe? Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí gbogbo abúlé tí kò dìbò fún un, ó kí wọn, ó béèrè ohun tó ń dùn wọ́n. Ìgbà kejì, ó wọlé. Ó máa ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò lédè wọn, nípa omi mímu, nípa opó tí ẹbí ọkọ lé síta, nípa ọmọbìnrin tí wọ́n mú kúrò nílé ìwé. Ó kọ̀wé sí mi pé àwọn ọkùnrin á pa rédíò, àwọn ìyàwó á tún un tàn. Ó kọ́ ilé ìwé fún àwọn ọmọbìnrin. Ó ṣe é ṣe kó jẹ́ pé àwọn ọmọ tó ti ibẹ̀ jáde ni wọ́n máa jẹ́ ọ̀gá rẹ níbi tí o ń lọ.

Ìmọ̀ràn kẹta: bí èèyàn méjì péré bá kù fún ẹ, kọ́ wọn. Mi ò tún ní ọ̀rọ̀ kankan sọ sí ìyẹn.

Mi ò ní ka nọ́ńbà sí èyí tó kàn yìí.

O wà ní kíláàsì kẹrin nígbà tí lẹ́tà kan dé, tí sítáǹbù rẹ̀ kì í ṣe ti Ùgáńdà. Nakato ló kọ ọ́. Ó ní wọ́n ti mú Wasswa, wọ́n sì ń wá òun. Ó ní òun fẹsẹ̀ rìn la ààlà kọjá sí orílẹ̀-èdè kejì, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, wọn kò sì ní jẹ́ kí òun pẹ́ níbẹ̀. Mo mọ gbólóhùn tó tẹ̀ lé e sórí: "Jọ̀wọ́, kọ ìwé kan pé o mọ̀ mí, pé mo lè wá gbé lọ́dọ̀ rẹ fúngbà díẹ̀. Mi ò ní yọ ilé rẹ lẹ́nu. Mo lè kọ́ ọmọ ní ìwé."

Mo ka lẹ́tà náà lórí ìdúró. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé bàbá rẹ ga lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni. Àwọn sójà ló ń ṣèjọba lọ́dọ̀ tiwa náà. Mo ní wọ́n á sọ pé a gbé olóṣèlú tó sá kúrò nílùú rẹ̀ sínú ilé. Mo ní bàbá rẹ kò ní gbà. Mo ní ẹ̀yin ọmọ kéré. Mo ní, jẹ́ kí n dúró dọ̀la kí n tó dáhùn. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di oṣù. Lẹ́tà mìíràn dé, gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: "Ǹjẹ́ lẹ́tà mi dé ọwọ́ rẹ?"

Mi ò dáhùn ìyẹn náà.

Ìgbà ìpọ́njú là ń mọ̀rẹ́. Mo ti kọ òwe yẹn sójú pátákó fún àwọn ọmọ lọ́pọ̀ ìgbà, tí mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ tó dáa dà á kọ. Ìgbà ìpọ́njú Nakato dé, ó ké sí mi, ohun tó sì rí nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. N kò mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Ìgbà tí o wà ní yunifásítì, àwọn obìnrin olùkọ́ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ṣe ìpàdé kan ní Ìbàdàn, mo bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ. Mo jókòó sẹ́yìn. Wọ́n pe ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, mo gbójú sókè, Nakato ni. Irun rẹ̀ ti funfun. Kò tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Wasswa tí mo sọ lókè. Ibẹ̀ náà ni mo ti gbọ́ ti Nalongo, ìyá wọn. Nakato ní ìyá àwọn kọ̀, kò sá kúrò nílé. Ìgbà tí àwọn sójà dé, tí wọ́n ń pariwo pé, "Níbo ni ọmọ rẹ obìnrin wà?", ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ kí mi ná. Mo tó bí yín lọ́mọ." Àwọn ọmọkùnrin náà wo ara wọn lójú. Wọ́n kí i. Ó ní kí wọ́n jókòó, ó béèrè orúkọ ìyá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n fi dìde, wọn kò lè fi ọwọ́ kan nǹkan kan nínú ilé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ìwé àti bẹ́ńṣì ilé ìwé tí ọmọ rẹ̀ kọ́ ló wà lẹ́yìn ilé náà, tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ bò mọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí ilé ìwé tún ṣí, ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ kó wọn. Ó sọ fún wa pé ìyá náà ṣì wà láàyè, ó ṣì ń lọ sóko.

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan wá béèrè bí òun Nakato ṣe ṣe é tó fi là á já. Ó ní, "Mo kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn ṣílẹ̀kùn fún mi. Obìnrin alágbàfọ̀ kan ni, a kò tiẹ̀ jọ kàwé. Mo gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ títí mo fi padà sílé."

Wọ́n ní, "Àwọn méjì yòókù ńkọ́?"

Ó ní, "Mo rò pé wọn kò rí lẹ́tà mi gbà."

Àbọ́sẹ̀dé, ó bò mí láṣìírí níwájú èrò, bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Mi ò lè dúró. Nígbà tí wọ́n jáde lọ mu omi, mo gbé báàgì mi, mo wọ ọkọ̀ wá sílé, mi ò kí i.

Ọjọ́ náà ni mo sọ fún bàbá rẹ. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sì retí pé yóò ní mo ṣe dáadáa, pé mo dáàbò bo ilé. Ó ń gé èékánná rẹ̀ lórí àga ìta. Ó dáwọ́ dúró.

Ó ní, "Ìyá Àbọ́sẹ̀dé, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi nígbà yẹn?"

Mo ní, "Ẹ̀rù bà mí pé ẹ kò ní gbà."

Ó ní, "Ṣé ẹ bi mí ni?"

Mo ní rárá.

Ó ní, "Yàrá ẹ̀yìn ṣófo ní gbogbo ọdún yẹn. Èmi ìbá lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú fúnra mi. Ẹ̀rù mi kọ́ ló bà yín. Ẹ̀rù ara yín ni, ẹ wá fi mí ṣe ààbò."

Kò tún sọ ọ́ mọ́ láti ìgbà náà. Àfi Sátidé tó wo ojú mi yẹn.

Ìmọ̀ràn tó wà nínú ìyẹn pọ̀, mú èyí tó bá bá ẹ mu níbẹ̀. Dá lẹ́tà lóhùn. Bí èsì rẹ bá tiẹ̀ máa jẹ́ pé "mi ò lè ṣe é", kọ ọ́ sílẹ̀ kí o fi ránṣẹ́, kí ẹni tó wà lójú ọ̀nà lè mọ ibi tí yóò yà sí. Má fi ẹnu ẹlòmíràn sọ pé rárá nígbà tí o kò tíì bi í. Bí o bá lọ́kọ, máa bi ọkọ rẹ. Ó lè yà ẹ́ lẹ́nu. Bí ẹ̀rù bá bà ẹ́, pè é lórúkọ rẹ̀, má pè é ní ọgbọ́n. Èmi pè é ní ọgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń dá mi lóhùn.

Gbogbo ohun tí mo kọ yìí, n kò kọ ọ́ láti fi dẹ́rù bà ẹ́. Lọ. Ọkàn mi balẹ̀ lórí ẹ ju bí mo ti lè fi ẹnu sọ lọ. O mọ ìṣirò, o mọ Ọlọ́run, o lè sùn níbikíbi, o sì kì í ṣàárẹ̀ bọ̀rọ̀. Má gbàgbé oògùn ibà, máa sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn. Kó súwẹ́tà kan dání, wọ́n ní òkè wọn máa ń tutù láàárọ̀. Mo ti yan gààrí tìẹ, ó kan dáadáa, ó wà nínú garawa. Bí wọ́n bá pè ẹ́ sí ọ̀rọ̀ òṣèlú níbẹ̀, gbọ́, má sọ. Àlejò lo jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan tó ń sá bá kan ilẹ̀kùn rẹ, o ti mọ ìyá tó bí ẹ, o ti mọ ohun tí kò ṣe. Ṣí i.

Ohun kan kù. Má bá mi bẹ Nakato. Mo mọ̀ ẹ́, o máa fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà sórí. Má dán an wò. Mi ò rán ẹ níṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ kankan sí i, bẹ́ẹ̀ ni mi ò fún ẹ ní ẹ̀bùn kankan fún un. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni, ẹsẹ̀ tèmi ló máa rìn ín. Àárọ̀ òní, kí n tó jókòó kọ̀wé yìí, mo ní kí bàbá rẹ bá mi wá ẹni tí yóò ya fọ́tò kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà. Ó ní àwa méjèèjì la máa yà á, pé òun náà fẹ́ rí adájọ́ tí kì í kánjú. Ní Mọ́ńdè, a ń lọ sí Èkó lọ gba fọ́ọ̀mù. Bí ilé ìwé yín bá ti gba ìsinmi gígùn, retí wa.

Bí o bá rí Nakato kí a tó dé, kúnlẹ̀ kí i, sọ orúkọ ìyá rẹ fún un, kí o sọ pé mo ń bọ̀. Bó bá ní kí n má wá, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, má fi pamọ́. Màá ka lẹ́tà náà, màá dáhùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Màá sì wá.

Èmi tí mo bí ẹ, tí mo sì ń fi ẹ́ yangàn káàkiri Ìjẹ̀bú-Òde,

Mọ́mì rẹ.